Ẹ Yé Tan Mọ́tò fún Ìṣẹ́jú Márùn-ún Kí Ẹ Tún Pa Á

 A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ajílẹ̀ lẹ máa ń retí lọ́wọ́ wa níbí. Tòní yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni, pàápàá mọ́tò àtijọ́ tí ẹ páàkì sílé, tí ẹ kì í gbé jáde àfi nígbà ìkórè. Ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí ọ̀rọ̀ owó ni.

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí kì í ṣe ti kòkòrò nìkan mọ́. Wọ́n á ní, "Ọ̀gá, pikọ́ọ̀pù mi ti wà nílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà, mo sì ń tan án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ló dé tó tún bàjẹ́?" Ẹ sì mọ ìdí tí mọ́tò fi ń pẹ́ nílẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti parí. Lítà epo tí a ń rà ní nǹkan bíi náírà 190 kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti ń sún mọ́ 1,000, ó sì ti kọjá bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Ta ló máa fi pikọ́ọ̀pù lọ wo oko lójoojúmọ́ ní irú iye yẹn? Ọ̀kadà ni gbogbo wa ń gùn. Mọ́tò wá di ohun tí a ń fi pamọ́ de ọjọ́ ẹrù.

Ìmọ̀ràn tó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn ni pé kí a máa tan ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí a sì pa á, kí ara rẹ̀ má baà kú. Àwa ń sọ fún yín lónìí pé nínú gbogbo ohun tí ẹ lè ṣe fún mọ́tò tó wà nílẹ̀, bóyá ni èyí kọ́ ló burú jù. Ó sàn kí ẹ fi í sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án fún oṣù kan.

Mọ́tò tí à ń sọ gan-an, ẹ mọ̀ ọ́n: Píjó 504. Ọdún 1968 ni ilé iṣẹ́ Peugeot gbé e jáde nílẹ̀ Faransé. Nígbà tó di 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Píjó pọ̀ ní Kàdúná níbí, láti ìgbà náà ló sì di mọ́tò gbogbo wa. Ọ̀gá ìjọba gùn ún, dókítà gùn ún, onítakisí fi ná Ọ̀ṣogbo sí Ìbàdàn. Èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ àgbẹ̀ báyìí, pikọ́ọ̀pù rẹ̀ ló pọ̀ jù. Ó ń kó ẹ̀gẹ́, ó ń kó pákó, ó ń wọ ọ̀nà oko tí mọ́tò tuntun á ti fi ikùn lélẹ̀. Páàtì rẹ̀ ṣì wà lọ́jà, mẹkáníìkì tí kò sì kàwé rárá lè dijú tún un ṣe. Àwọn kan ní òkèèrè ti sọ ọ́ di mọ́tò àfiṣeré, wọ́n ń nu ún bíi dígí, wọ́n ń gbé e jáde lọ́jọ́ Àìkú nìkan. Níbí ní tiwa, mọ́tò iṣẹ́ ni. Bó ṣe dàgbà tó yẹn, oúnjẹ wà lẹ́yìn rẹ̀.

A fẹ́ sọ ti ìyá kan fún yín, a ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ṣaláìsí, ó fi pikọ́ọ̀pù 504 kan sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì le dáadáa nígbà náà. Ìyá ò mọ̀ ọ́n wà. Ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní mọ́tò bàbá kò gbọdọ̀ kú, ó sì ń fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin kan ládùúgbò pé kó máa tan án ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ọmọkùnrin yẹn kò jẹ owó náà gbé o, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Gbogbo Sátidé ló ń wá. Á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á tan án, á jókòó sórí búkẹ́ẹ̀tì, á ka ìṣẹ́jú márùn-ún lórí fóònù, á pa á, á sì ya fọ́tò ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Oṣù mẹ́rìnlá ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ìyá yìí ní éékà ẹ̀gẹ́ mẹ́ta. Ó pinnu pé òun ò ní ta ẹ̀gẹ́ lóko fún àwọn tó ń wá rà á ní owó pọ́ọ́kú mọ́. Òun á yan gàrí, òun á wá awakọ̀, òun á kó o lọ Òṣogbo fúnra òun. Ìṣirò rẹ̀ dára, àwa gan-an la jọ ṣe é pẹ̀lú bírò. Èrè tó wà níbẹ̀ ni owó tí kò ní san fún onímọ́tò akẹ́rù. Ó yan gàrí tán, ó dì í sápò, awakọ̀ dé. Ẹ́ńjìnnì jí, ṣùgbọ́n kò tíì dé Ìlobùú tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín, iná ọ́ìlì tàn pupa lójú dáṣìbọ́ọ̀dù, awakọ̀ sì pa á kíákíá. Ọlọ́run tún fún un lọ́gbọ́n tó fi pa á. Wọ́n wọ́ ọ padà sílé.

A dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mẹkáníìkì ti wà nídìí rẹ̀. Ó fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì jáde, ó ní ká gbóòórùn rẹ̀. Epo pẹtiróòlù ló ń rùn. Ó ṣí ọmọrí tí wọ́n ń gbà rọ ọ́ìlì, ohun funfun kan lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀ bí ẹ̀kọ mímu tó ti dì. Ó ṣí ìbòrí òkè ẹ́ńjìnnì, ìdóògùn wà níbi tí kò yẹ kí ìdóògùn wà láéláé. Ó fi skrúdíráfà gún ikùn sàlẹ́ńsà, skrúdíráfà wọlé ṣíọ̀, nítorí ó ti jẹrà láti inú wá. Bátìrì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà nígbà tí bàbá wà láyé kò gba ṣáàjì mọ́. Mọ́tò tó jẹ́ pé kò rin ìrìn máìlì kan láti ọdún kan lé! Owó àtúnṣe náà gbé gàrí yẹn mì, ó ṣẹ́kù díẹ̀ tí ìyá á fi ra igi ẹ̀gẹ́ tuntun. Ọmọ tó ń tan mọ́tò dúró síbẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe.

Ó dáa, kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì yẹn? Ibí ni kí ẹ ti tẹ́tí dáadáa, nítorí bí ẹ bá mọ èyí, ẹ ò ní nílò kí ẹnikẹ́ni tún máa pàṣẹ fún yín.

Epo tí a ń jó, omi wà nínú èéfín rẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn ọlọ́jà epo pò ó mọ́mi o, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí pẹtiróòlù bá jó, iná yẹn fúnra rẹ̀ ló ń bí omi. Lítà epo kan tó bá jó tán máa ń bí omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná dáadáa, omi yìí á di ooru, á gba sàlẹ́ńsà jáde, ẹ ò tilẹ̀ ní rí i. Ṣùgbọ́n bí irin bá tutù, ooru náà á lẹ̀ mọ́ ọn, á padà di omi. Ẹ̀yin ìyá wa mọ èyí ju àwa lọ: bí ẹ bá gbé ọmọrí tútù lé ìkòkò tó ń hó, kí lẹ máa ń rí lábẹ́ ọmọrí? Omi tó ń kán tó, tó, tó. Inú ẹ́ńjìnnì tútù rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Omi ń kán sínú sílíńdà, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bá ọ́ìlì, ó ń dúró nínú ikùn sàlẹ́ńsà. Ọ́ìlì tó pò mọ́ omi ló funfun bí ẹ̀kọ yẹn. Ìdọ̀tí tí iná epo ń fi sílẹ̀, tó bá pàdé omi yìí, á di kíkan, á sì máa jẹ irin.

Epo fúnra rẹ̀ tún ń ba nǹkan jẹ́. Kabúrétọ̀ ni 504 wa yìí ní, ẹ́ńjìnnì tó tutù sì ń fẹ́ epo púpọ̀ kó tó jí. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń fa ṣóòkù. Gbogbo epo yẹn kì í jó tán. Èyí tí kò jó á ṣàn lára sílíńdà, á fọ ọ́ìlì tó wà láàárín ríìngì àti irin kúrò, á sì sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀. Ọ́ìlì á ṣàn bí omi, kò ní lè di irin mú mọ́. Bí ẹ bá tan mọ́tò lẹ́ẹ̀kan báyìí kí ẹ tó wà á lọ Òṣogbo, kò sí wàhálà, gbígbóná ẹ́ńjìnnì á lé omi àti epo yẹn jáde. Ṣùgbọ́n ẹ tan án, ẹ pa á, ẹ tan án, ẹ pa á, fún ọgọ́ta Sátidé. Ẹ fojú inú wò ó.

Ẹnì kan á ní, "A ó jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i, bóyá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún." Bí ó bá dúró sójú kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò tó. Ẹni tó jókòó sábẹ́ igi kì í làágùn bí ẹni tó ń kọ ebè. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbé ẹrù, tí kò gun òkè, kì í gbóná dé inú. Abẹ́rẹ́ ooru lójú dáṣìbọ́ọ̀dù lè ti gòkè, kó máa tàn yín jẹ. Omi rédíétọ̀ ló ń wọ̀n. Ọ́ìlì kì í tètè gbóná bíi tirẹ̀, ó máa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni, tiẹ̀ lè pẹ́ tó ìlọ́po méjì. Ọ́ìlì yẹn la sì fẹ́ kó gbóná.

Ti bátìrì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé títan mọ́tò ń ṣáàjì bátìrì. Sítátà Píjó ń fa iná tó lé ní ọgọ́rùn-ún ámùpù lẹ́ẹ̀kan náà láti jí ẹ́ńjìnnì. Alternator tó yẹ kó dá a padà kì í mú iná tó nǹkan wá nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó dà bíi kí ẹ mú ẹgbẹ̀rún náírà nínú àpò, kí ẹ wá dá igba náírà padà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àpò á ṣófo. Bátìrì tí kò kún tó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ á dì, kò sì ní gba ṣáàjì mọ́.

Àwọn mẹkáníìkì àgbà kan máa ń bá wa jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, òótọ́ sì wà lẹ́nu wọn. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì tí a kò tan rárá, ríìngì rẹ̀ lè dógùn-ún mọ́ ara sílíńdà, kó gan pa. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń ṣẹlẹ̀, pàápàá níbi tí òjò ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n ìwòsàn rẹ̀ kì í ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀nà méjì péré la mọ̀: kí ẹ wà á kó gbóná dénú, tàbí kí ẹ tẹ́ ẹ sùn dáadáa kí ẹ sì fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ẹ̀yin ará Ẹ̀rìn, ìlú àyàn lẹ wà, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú dùndún. Onílù kì í lu ìlù rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kó tó gbé e sílẹ̀ nítorí kí awọ má baà kú. Á gbé e kọ́ síbi gbígbẹ tí òjò àti eku kò lè dé. Lọ́jọ́ òde, á gbé e jáde, á yá a, á sì lù ú títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ máa wà á, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ti tó. Láti Ẹ̀rìn dé Òṣogbo kí ẹ sì padà dáa gan-an, nítorí ó gùn tó kí ọ́ìlì gbóná, ẹ ó lo jíà gbogbo, ẹ ó tẹ bíréèkì, táyà á yí, bátìrì á gba ṣáàjì gidi. Ìdajì wákàtí lójú ọ̀nà ni kí ẹ fọkàn sí, kì í ṣe nínú àgbàlá. Ẹ fi ọjọ́ ọjà sí i kí epo má baà ṣòfò. Bí ó ṣe jẹ́ pé aládùúgbò yín méjì lẹ́rù, kí wọ́n dá epo. Àwa mọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí pikọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ń kárí ènìyàn mẹ́fà, mọ́tò náà kò sì ṣàìsàn.

Bí kò bá ní jáde fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tẹ́ ẹ sùn. Ọ́ìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, kí ẹ tó páàkì rẹ̀ o, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé e jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi èyí ṣayò, wọ́n ní "ọ́ìlì tuntun á kàn dúró lásán ni". Ọ́ìlì tó ti ṣiṣẹ́ ní ohun kíkan nínú, bí ó bá jókòó ti irin fún oṣù mẹ́fà, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ rọ tuntun sí i, ẹ wà á lọ bọ̀ lẹ́ẹ̀kan kó lè dé gbogbo kọ̀rọ̀.

Epo pẹtiróòlù kì í pẹ́ kó tó darúgbó, pàápàá nínú ooru tiwa yìí. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, á máa rùn bí ọ̀dà, á sì dì sínú ihò wẹ́wẹ́ kabúrétọ̀ bí oje igi. Bí ẹ bá ń lọ fún oṣù mẹ́ta, ẹ kún táǹkì kí afẹ́fẹ́ má rí àyè mú omi wọlé tí táǹkì á fi dógùn-ún. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fà á jáde, ẹ rọ ọ́ sínú ọ̀kadà tàbí jẹnẹrétọ̀, kó ṣiṣẹ́ nígbà tó ṣì dára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì kí ẹ gbé e sí yàrá tí ọmọ ń sùn. Lẹ́yìn náà kí ẹ dí rọ́bà epo tó wọ kabúrétọ̀ pa, kí ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kó jó èyí tó kù títí á fi kú fúnra rẹ̀.

Nígbà tó bá ti tutù, ẹ tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ fi ṣíbí ìmutíì rọ ọ́ìlì tuntun sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ṣíbí kan sí méjì, kó má pọ̀. Ẹ fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ bí ẹ̀ẹ̀mélòó kan kí ọ́ìlì náà tàn ká, kí ẹ sì dá plọ́ọ̀gì padà. Ohun tí àwọn baba wa mẹkáníìkì ń bẹ̀rù, pé á gan, èyí ni oògùn rẹ̀. Lóṣooṣù, dípò kí ẹ tan án, ẹ fi sípánà yí i díẹ̀. Kò gba epo, kò gba bátìrì, kò tó ìṣẹ́jú méjì. Iṣẹ́ tó yẹ kí ọmọ Lọ́ńdọ̀nù máa sanwó rẹ̀ nìyẹn.

Orí ẹ́ńjìnnì 504, alumíníọ̀mù ni. Ara rẹ̀ tó kù nísàlẹ̀, irin. Bí ẹ bá bu omi kànga lásán sí rédíétọ̀, irin méjèèjì yìí á máa jẹ ara wọn nínú omi náà, ọ̀pọ̀ gásíkẹ̀ẹ̀tì tó ń fọ́ níbí ló sì ti ibẹ̀ wá. Ẹ ra omi rédíétọ̀ gidi, ẹ pò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára agolo. Bí owó kò bá sí, ẹ kúkú fa omi inú rẹ̀ jáde pátápátá, kí ẹ sì lẹ bébà mọ́ sítíárìn pé KÒ SÍ OMI, kí ẹnì kan má lọ tan án.

Bátìrì, ẹ tú u kúrò, ẹ gbé e wọlé, ẹ máa ṣáàjì rẹ̀ lóṣooṣù. Bí ẹ bá ní mítà, 12.6 ni bátìrì tó kún. Bó bá ti wálẹ̀ sí 12.4, ẹ ti tó gbé e lọ ṣáàjì. Ẹ tún táyà fẹ́ jù bí ẹ ti ń ṣe lọ, tàbí kí ẹ fi bíríkì àti pákó gbé ìdí mọ́tò sókè. Ẹ má fa háńbíréèkì. Yóò lẹ̀ mọ́ dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn, lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kúrò, mọ́tò á ní òun ò lọ. Òkúta níwájú, òkúta lẹ́yìn táyà ti tó. Fún kílọ́ọ̀ṣì, ẹ gé igi kan, kí ẹ fi tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ fi ìdí igi náà ti ìjókòó, kó má baà lẹ̀.

Ibi tí ẹ páàkì sí tún ṣe pàtàkì. Abẹ́ igi máńgòrò tí gbogbo wa fẹ́ràn yẹn kì í ṣe ilé. Ewé rẹ̀ ń dí ojú ihò tí omi ń gbà jáde nídìí gíláàsì iwájú, omi á sì rọ́ wọ inú mọ́tò. Abẹ́ páànù tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ló dára jù. Ẹ má fi tapólì wé e dé ilẹ̀ bí òkú, nítorí ọ̀rinrin ilẹ̀ á há sábẹ́ rẹ̀, mọ́tò á sì máa làágùn lóru. Ẹ bo orí rẹ̀, kí ẹ ṣí ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Àti eku! A ti rí pikọ́ọ̀pù tí wọ́n kó àgbàdo mẹ́ta àpò sí níwájú, nítorí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó, ta lẹ pè síbi àsè? Lẹ́yìn àgbàdo, wáyà ló kàn. Ẹ gbá gbogbo ẹ̀kúfọ́ oúnjẹ kúrò. Ẹ fi àkísà di ẹnu sàlẹ́ńsà àti ẹnu fíltà afẹ́fẹ́, kí ẹ so aṣọ pupa mọ́ sítíárìn kí ẹ lè rántí yọ wọ́n. Adìyẹ tó ń yé sórí ìjókòó, ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ dùn wá, ẹyin rẹ̀ wúlò.

Ẹ̀yin tó ní katakata Massey Ferguson, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín bákan náà, títan ìṣẹ́jú márùn-ún kò ṣe dísẹ́ẹ̀lì lóore. Tiyín dínkù níbì kan: kò sí kabúrétọ̀ tó máa dì. Ó le níbòmíràn: omi ń dúró nísàlẹ̀ táǹkì dísẹ́ẹ̀lì, nǹkan yíyọ̀ á hù nínú rẹ̀, á sì dí fíltà. Ẹ kún táǹkì kí ẹ tó páàkì, kí ẹ sì tú nọ́ọ̀tì ìdí fíltà kí omi jáde kí ẹ tó tan án lẹ́yìn òjò. Igi tí a fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, katakata nílò rẹ̀ ju Píjó lọ.

Àwọn tó ń fi páńbù kékeré fa omi odò Ẹrinlẹ̀ sí ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí òjò bá ti dé, ẹ ti ẹnu epo pa nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, kó jó títí á fi kú. Ẹ wá fa okùn rẹ̀ jẹ́jẹ́ títí ẹ ó fi rí i pé ó ń takú, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ibi tó ti ń takú yẹn, ẹnu ọ̀nà inú rẹ̀ méjèèjì ló tì, afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin kò ní rí ibi wọlé. Ẹ́ńjìnnì tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́, ẹ fi omi mímọ́ nu ara rẹ̀ kí ẹ sì fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á kó tó sinmi. Omi ẹ̀gẹ́ kan, ó sì ń jẹ irin ju òjò lọ.

Ohun kan tí a ò lè fò: ẹ má tan ẹ́ńjìnnì kankan, ìbáà ṣe Píjó, ìbáà ṣe jẹnẹrétọ̀, nínú ilé tí a tì tàbí ṣáàgò tí kò ní fèrèsé, bó ti wù kí àkókò náà kéré tó. Gáàsì kan wà nínú èéfín náà tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Orí á kọ́kọ́ fọ́ yín, oorun á kùn yín, ẹ ò sì ní jí. Bó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ tan án, ẹ tì í síta.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ jí mọ́tò, ẹ má kánjú. Ẹ yọ àkísà ẹnu sàlẹ́ńsà, ẹ wo itẹ́ eku, ẹ wo omi, ẹ wo ọ́ìlì, ẹ yọ igi kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ rọ epo tuntun. Ẹ tú plọ́ọ̀gì, kí sítátà yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀ títí iná ọ́ìlì á fi kú lójú dáṣìbọ́ọ̀dù, kí ẹ tó dá plọ́ọ̀gì padà. Bó bá jí, á tú èéfín díẹ̀ nítorí ọ́ìlì tí ẹ rọ sí sílíńdà, ẹ má bẹ̀rù ìyẹn. Ẹ dán bíréèkì wò nínú àgbàlá ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ tó dé títì.

Ìyá yẹn ti tún mọ́tò rẹ̀ ṣe. Ọmọkùnrin Sátidé náà ló ń wà á báyìí, ó ti gba láísẹ́ǹsì, wọ́n jọ ń lọ Òṣogbo lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì pẹ̀lú gàrí àti ẹrù àwọn aládùúgbò. Kò tíì rí gbogbo owó yẹn padà. Ó ní bóyá ní ìkórè tó ń bọ̀.

Sátidé tó ń bọ̀, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀, a ó wà nídìí ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ tó wà lójú ọ̀nà Ìlobùú. Ẹ gbé bátìrì yín wá, a ní mítà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí ọ̀pá ọ́ìlì mọ́tò rẹ̀ bá ń rùn bí pẹtiróòlù, kó ya fọ́tò rẹ̀ sísàlẹ̀ níbí kó tó tún tan án.